Bí A Ṣe Ń Fi Tọ́báìnì Afẹ́fẹ́ Fín Ọnà Sára Irin

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo di tọ́báìnì afẹ́fẹ́ mú, ìyẹn ẹ̀rọ ìfín kékeré tí afẹ́fẹ́ inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ń yí, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ idẹ bí ẹni tó fẹ́ fi dírílì lu ògiri. Ó ké fíín, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó dákẹ́. Mo gbé e sókè, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo tẹ̀ ẹ́, ó tún dákẹ́. Ó kù díẹ̀ kí n gbé e padà fún ẹni tó tà á fún mi kó tó yé mi pé kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ, ọwọ́ mi ló wúwo. Ẹ̀rọ yìí kò lágbára, eré ló ní. Ẹni tó bá gba ìyẹn gbọ́ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ìdajì tó kù, etí ni yóò kọ́ ọ.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń lo ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Tí mo bá ní "fín", ìlà ni mò ń sọ: orúkọ, ewé, àmì, èyí tí kò jìn ju bíi 0.1 sí 0.2 mìlímítà lọ. Tí mo bá ní "gbẹ́", a ti ń fá ilẹ̀ tó yí àwòrán ká sísàlẹ̀ nìyẹn, kí àwòrán lè yọ. Ẹ̀rọ kan náà ló ń ṣe méjèèjì. "Irin" ní tèmi sì kó gbogbo wọn pọ̀, láti orí idẹ dé fàdákà. Èyí tó jẹ́ irin gan-an ni mo máa pè ní irin pọ́ńbélé.

Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà

Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn eyín ló ti wá, ohùn rẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti la ẹnu lórí àga wọn rí. Ní 1949, John Walsh ní New Zealand ti ń ṣiṣẹ́ lórí bí afẹ́fẹ́ ṣe lè yí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ní 1957, John Borden ní Amẹ́ríkà gbé Airotor jáde, èyí tó ń yí tó ìgbà 300,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn tí a ń fi fín irin lónìí ń yí láàárín 300,000 sí 450,000, ìyẹn nígbà tí wọn kò bá tíì kan nǹkan.

Kò sí mọ́tò nínú rẹ̀, kò sì sí jíà. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan ló wà láàárín béárìn méjì. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lu àwọn ìyẹ́ ara rẹ̀, ó ń yí, bíìtì, ìyẹn ẹnu kékeré eléyín tó ń gé irin, tó wà láàárín rẹ̀ ń bá a yí. Ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́ bíi báírò, tí kì í sì í gbóná mọ́ni lọ́wọ́. Òun náà ni kì í jẹ́ kó lè bá ẹ jà: ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ jù, ó dúró.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Bíìtì tí orí rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 1, tí ẹ̀rọ oníná tí a ń fọwọ́ dì mú ń yí ní ìgbà 30,000, eyín rẹ̀ ń rin nǹkan bíi mítà 94 ní ìṣẹ́jú kan. Tí tọ́báìnì bá ń yí i ní ìgbà 400,000, mítà 1,250 àti díẹ̀ ló ń rìn. Ká ní bíìtì náà ní eyín mẹ́fà, ká sì ní ẹ ń fa ọwọ́ lọ ní mìlímítà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan: eyín 40,000, ọ̀kẹ́ méjì géérégé, ló kọjá lórí mìlímítà márùn-ún yẹn. Èyí tí eyín kọ̀ọ̀kan bù kò tó nǹkan rárá. Ìdí nìyẹn tí bíìtì kì í fi í ta gìrì kúrò lójú ìlà bíi ti ẹ̀rọ oníná, tó fi ń lọ wẹ́rẹ́ bí pẹ́ńsùlù lórí ìwé.

Ohun kan wà tí kò lè ṣe o, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ìlà tí ṣísẹ́ẹ̀lì ìfín gé máa ń dán bí awò. Èyí tí bíìtì ayíbírí gbà kọjá máa ń ní àwọ̀ eérú díẹ̀. Fún lẹ́tà tó fẹ́ kọ mọ̀nà, ṣísẹ́ẹ̀lì ló dáa. Fún ewé, òdòdó, irun ẹranko, òjìji àti ilẹ̀ tí a fá sísàlẹ̀, èmi ò ní pààrọ̀ tọ́báìnì fún ohunkóhun.

Tí ẹ bá ń rà á, ẹ ra èyí tó gùn gbọọrọ bíi pẹ́ńsùlù. Èyí tí orí rẹ̀ tẹ̀ bíi ti ilé eyín ṣe é lò, ṣùgbọ́n ọwọ́ máa ń pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n, orí rẹ̀ sì máa ń dí ojú iṣẹ́. Bó bá sì jẹ́ àlòkù láti ilé eyín, ẹ rí i pé wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Afẹ́fẹ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù owó, nítorí náà n kò ní yára kúrò ńbẹ̀.

Tọ́báìnì ń jẹ nǹkan bíi lítà 35 sí 50 afẹ́fẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kékeré lè gbé e, àmọ́ bí táǹkì rẹ̀ bá kéré jù, á máa tan, á máa kú, á sì máa pariwo. Èyí tí kì í pariwo ni kí ẹ wá. Kì í ṣe fáàrí o; ẹ máa nílò láti gbọ́ ohùn tọ́báìnì, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kò sì ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ.

Bí a ṣe ń tò ó nìyí: kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ló ṣáájú, lẹ́yìn náà rọ́bà tó gùn tó mítà mélòó kan, asẹ́ tó ń gba omi, asẹ́ kejì tó kúnná jù ú lọ tó ń gba ọ́ìlì, rẹ́gúlétọ̀ tó ń darí agbára afẹ́fẹ́, tó sì ní géèjì, ohun tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀, kó tó wá kan ẹ̀rọ. Ẹ má so asẹ́ mọ́ ìdí kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ńbẹ̀ gbóná, ooru omi inú rẹ̀ kò tíì di omi. Á gba inú asẹ́ kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan, ìgbà tó bá tutù nínú rọ́bà tó kọjá asẹ́ ni á tó di omi, inú béárìn yín ló sì máa lọ. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rin rọ́bà gígùn kó tutù, kó tó kan asẹ́.

Omi ló pa béárìn mi àkọ́kọ́. N kò mọ̀ pé ó yẹ kí n máa ṣí ìdí táǹkì. Lọ́jọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ tutọ́ sára fàdákà tí mò ń fín, ìtọ́ aláwọ̀ ìpáàrà. Mo nù ún, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ohùn rẹ̀ fi dà bí ẹni tó ń jẹ yanrìn.

Ní ti ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́, ọ̀pọ̀ tọ́báìnì ń fẹ́ 30 sí 40 psi. Ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá ló ní àṣẹ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn wo géèjì nígbà tí ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́. Géèjì lè fi 40 hàn nígbà yẹn, kó já sí 28 bí ẹ bá ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi bíìtì sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó máa yí, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó yí rẹ́gúlétọ̀ dé iye tí ẹ fẹ́. Ẹ má sì ronú pé 60 á jẹ́ kó mú sí i. Béárìn ló máa jẹ.

Ọ́ìlì ńkọ́? Àwọn ẹ̀rọ kan ń fẹ́ ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta nínú ihò afẹ́fẹ́ kí iṣẹ́ ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn mìíràn, pàápàá tí béárìn wọn jẹ́ sẹ̀rámíìkì, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ẹ kò gbọ́dọ̀ kan ọ́ìlì sí i rárá. Ẹ ka ìwé yẹn. Bó bá jẹ́ èyí tó ń fẹ́ ọ́ìlì, ọ́ìlì tọ́báìnì ni, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì mọ́tò, kì í ṣe òróró ìdáná, kì í sì í ṣe èyí tí a ń fín sí ìdábùú ìlẹ̀kùn. Lẹ́yìn tí ẹ bá kán an sí i, ẹ jẹ́ kó yí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30 lórí àkísà, kí àṣẹ́kù lè jáde. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, orí àwòrán tí ẹ yà ló máa tú u sí.

Bíìtì

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ dà yín láàmú: kábáìdì tí mò ń sọ kì í ṣe èyí tí àwọn wẹ́dà ń da omi sí kó lè yọ gáàsì. Tungsten carbide ni, ohun líle tó ń gé irin pọ́ńbélé, tó sì máa ń ṣẹ́ bí ìgò bí ẹ bá fipá tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìdí bíìtì tọ́báìnì fẹ̀ ní mìlímítà 1.6. Èyí tó jẹ́ 2.35 wà fún ẹ̀rọ tó rọra ń yí, kò ní wọlé. Gígùn tó wọ́pọ̀ jẹ́ mìlímítà 19. Ẹ yẹra fún àwọn tó gùn tó 25, torí ní eré yìí, wọ́n lè tẹ̀ kí wọ́n sì ta bí pàṣán. Orí tó bá tóbi ju mìlímítà 2 lọ náà kò yẹ é.

Bíìtì mẹ́rin ti tó ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀:

- Olórí róbótó, nọ́ńbà 1/4 (mìlímítà 0.5) àti nọ́ńbà 2 (mìlímítà 1.0). Èyí kékeré wà fún àmì tótòtó àti òjìji, èyí ńlá wà fún kòtò àti fún ara ewé.
- Èyí tó dà bí kóònù tí a dojú rẹ̀ dé, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju ọrùn lọ, nọ́ńbà 33½ (mìlímítà 0.6). Bí mo bá ní láti sá kúrò nínú ilé tó ń jó pẹ̀lú bíìtì kan ṣoṣo, òun ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, igun rẹ̀ á fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ gbé e dúró, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á fá ilẹ̀ pẹrẹsẹ.
- Èyí tó gùn tó sì ń tín-ín-rín lọ sí ẹnu, nọ́ńbà 169 (mìlímítà 0.9), fún ìlà gígùn àti fún fífá etí.

Bíìtì dáyámọ́ńdì wà fún díńgí, òkúta àti irin tí iná ti sọ di líle gan-an. Ẹ má fi kan bàbà tàbí alumíníọ̀mù: irin rírọ̀ á dí àárín hóró rẹ̀, á wá máa fi ara họ iṣẹ́ lásán.

Fífi bíìtì sí i ní òfin mẹ́ta tí kò ní àdéhùn. Ẹ tì í wọlé títí á fi dé ìdí, kí ẹ sì fà á wò bóyá á jáde. Ẹ má yí ẹ̀rọ láìsí bíìtì lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má sì fọwọ́ kan ibi tí a ti ń tú u títí yóò fi dúró pátápátá. Ó máa ń yí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò, tí ẹ kò sì ní fojú rí i.

Ojú, imú, etí

Èérún tó ń jáde kéré débi pé ẹ kò ní mọ ìgbà tó wọlé sójú. Awò tó bo ẹ̀gbẹ́ ojú ni kí ẹ lò, kódà bí ẹ bá ń wo iṣẹ́ lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ìbòmú tó ń sẹ́ eruku kíkúnná ni kí ẹ fi bo imú, kì í ṣe aṣọ lásán. Ìdí-etí, ohun tí a fi ń dí etí, dáa fún iṣẹ́ wákàtí púpọ̀; ohùn tín-ín-rín yẹn kì í ro etí lójú ẹsẹ̀, ọ̀la ló ń dúró dè. Ẹ ò ní pàdánù ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́: ìdí-etí ń dín ariwo kù ni, ẹ ṣì máa mọ̀ bí ohùn bá wálẹ̀.

Ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ nu èérún idẹ. Bí abẹ́rẹ́ ló rí, ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ máa fi wá ọ̀kan nínú ìka. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ lò. Bàbà tí wọ́n po irin kan tó ń jẹ́ beryllium mọ́, èyí tí wọ́n fi ń ṣe àwọn sípíríǹgì kan àti irinṣẹ́ tí kì í ta iná, ẹ má fín in rárá. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kò sì ní oògùn. Eruku titanium àti magnesium sì lè gbiná.

Dídì í mú àti yíya àwòrán

Iṣẹ́ tó bá ń mì kò ṣe é fín. Fáìsì (ohun tó ń di iṣẹ́ mú) olórí róbótó tó ń yí po ló dára jù, nítorí pé bí ìlà bá fẹ́ kọ kọ́rọ́, iṣẹ́ lẹ máa yí, kì í ṣe ọwọ́ yín. Bí kò bá sí, ẹ lẹ pátákó irin náà mọ́ orí igi pẹlẹbẹ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí a ń fi iná yọ́, kí ẹ gbé igi náà lé orí àpò awọ kékeré tí yanrìn kún inú rẹ̀. Mo lo ọdún kan gbáko lórí àpò yanrìn kí n tó ní fáìsì, kò sì dí mi lọ́wọ́.

Ojú irin tó ń dán kò gba pẹ́ńsùlù. Ẹ fi ọ̀dà funfun tó ń po mọ́ omi, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, pa á. Bó bá gbẹ, ẹ ya àwòrán lé e pẹ̀lú pẹ́ńsùlù ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ tẹ àwòrán jáde láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà, kí òsì rẹ̀ di ọ̀tún, kí ẹ dojú ìwé náà dé orí irin tó mọ́ tónítóní, kí ẹ fi òwú tó ti mu acetone díẹ̀, irú omi tí a fi ń nu ọ̀dà èékánná, tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Ìyẹ̀fun dúdú ibẹ̀ á lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ ṣí fèrèsé. Òórùn acetone kò dára, iná kò sì gbọ́dọ̀ sí nítòsí.

Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ fín fánííṣì díẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ lè ní ọ́ìlì nínú, ìka yín náà á sì máa fara kàn án. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àwòrán á ti parẹ́ níbi tí ẹ kò tíì dé.

Ọwọ́

Ẹ di ẹ̀rọ mú bíi báírò. Ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ fara ti iṣẹ́ tàbí fáìsì nígbà gbogbo. Ọwọ́ tó bá wà lófuurufú kì í fa ìlà. Ọwọ́ kejì wà lára iṣẹ́, òun ló ń yí i. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ dagun díẹ̀, bíi ti pẹ́ńsùlù gan-an.

Ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ó tó kan irin, ẹ gbé e kúrò lára irin kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀. Ẹ fetí sílẹ̀ sí ohùn rẹ̀ nígbà tí kò tíì kan nǹkan: ohùn òkè yẹn ni ìwọ̀n yín. Nígbà tó bá kan irin, ó yẹ kó wálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń kọrin tó rọra já ohùn sílẹ̀. Bó bá wálẹ̀ púpọ̀, ọwọ́ ti wúwo. Bí kò bá wálẹ̀ rárá, bíìtì kò gé nǹkan kan, ó ń ra ojú irin ni, ìyẹn sì ń pa eyín rẹ̀ ju gígé lọ.

Bí ẹ bá wo ẹ̀rọ láti ẹ̀yìn, bíìtì ń yí bí ọwọ́ aago. Ohun tó wá ti ibẹ̀ jáde ni pé bí ẹ bá ń fá etí nǹkan, ẹ jẹ́ kí irin tí ẹ ń fá wà lápá òsì ọ̀nà tí ẹ ń lọ. Eyín á kọjú sí irin, ẹ̀rọ á ṣe jẹ́jẹ́. Bó bá wà lápá ọ̀tún, bíìtì á fẹ́ gun orí irin, á sì já mọ́ yín lọ́wọ́ bí ajá tó rí ológbò. Nínú ìlà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì jẹ́ irin, ẹ máa rí i pé ẹ̀rọ ń rọra ti ara rẹ̀ sí òsì; ẹ mọ̀ ọ́n, kí ọwọ́ dúró dè é.

Ẹ wá pátákó idẹ tó nípọn tó mìlímítà 2. Ẹ fa ìlà ọgọ́rùn-ún tí àárín wọn jẹ́ mìlímítà 1. Bẹ́ẹ̀ ni, ọgọ́rùn-ún. Ẹ gba orí ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, dípò kí ẹ jìn ín lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà òbìrìkìtì, iṣẹ́ ni kó yí, kí ọwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ìlà tó bẹ̀rẹ̀ tín-ín-rín, tó sanra láàárín, tó tún tín-ín-rín: bí ẹ bá lè ṣe ìyẹn láìgbọ̀n, ewé kò ní ṣòro.

Irin kọ̀ọ̀kan àti ìwà rẹ̀

Idẹ ló rọrùn jù, èérún rẹ̀ ń fọ́ wẹ́wẹ́. Fàdákà náà rọrùn, àmọ́ ó rọ̀, ọwọ́ tó bá yọ̀ á fi ojú àpá sílẹ̀ títí láé. Bàbà ń lẹ̀. Ẹ kán ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, kí bíìtì sì jẹ́ tuntun. Alumíníọ̀mù burú jù nínú lílẹ̀: láìsí kẹrosíìnì tàbí ọ́ìlì lójú iṣẹ́, á kún àárín eyín bíìtì, ohùn á yí padà, ẹ ó rò pé bíìtì ti kú. Bó bá ṣẹlẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì onírin rírọ̀ á yọ ọ́ jáde.

Irin pọ́ńbélé tí kò le ṣe é fín dáadáa pẹ̀lú kábáìdì àti ẹ̀kán ọ́ìlì kan. Stainless, irin tí kì í dípáàrà, kì í gba ìlọ́ra. Bí bíìtì bá ti ra ojú rẹ̀ láìgé e, ojú ibẹ̀ á le sí i, bíìtì tó bá dé lẹ́yìn á sì jìyà rẹ̀. Ẹ lo bíìtì tuntun, ẹ má dúró lójú kan. Ojú ọ̀bẹ tí wọ́n ti fi iná sọ di líle, dáyámọ́ńdì ni.

Ewé kan, láti ìbẹ̀rẹ̀

Ká ní ewé tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 2 ni ẹ fẹ́ gbẹ́ sára idẹ.

Pẹ̀lú 33½ tí ẹ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi igun rẹ̀ tẹ̀ lé etí ewé. Ìgbà àkọ́kọ́, bí irun orí lásán. Ẹ nù ún, ẹ wò ó: bí ìlà bá yà kúrò lójú pẹ́ńsùlù, ìsinsìnyí ṣì ṣe é tún ṣe. Ìgbà kejì àti ìkẹta, ẹ jẹ́ kó jìn tó 0.2.

Lẹ́yìn náà ẹ gbé bíìtì kan náà dúró gangan ní ìta ìlà, ẹ máa fá ilẹ̀ lọ ní ìlà kéékèèké tó ń gun ara wọn díẹ̀. Ewé tí kò gbọ́dọ̀ farapa wà nítòsí, torí náà ẹ jìnnà sí i bí ìbú irun méjì. Ẹ ó padà wá fá ìyẹn nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú èémí tí ẹ dá dúró. Ẹ má lépa 0.4 mìlímítà lẹ́ẹ̀kan. Ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún ni mo máa ń fi dé ibẹ̀, tí mo sì máa ń yí iṣẹ́ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ojú àpá má baà kọrí síbì kan náà.

Ilẹ̀ yìí á rí jákujàku. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ mú olórí róbótó 1/4, ẹ máa fi tọ́ ilẹ̀ náà: kàn án, gbé e, kàn án, gbé e. Ohùn rẹ̀ á máa sọ "tíì, tíì, tíì" bí ẹyẹ. Ẹ má tò ó bí ọkà. Bí tótòtó bá ti lẹ́sẹẹsẹ, ojú á rí i kíá. Iṣẹ́ yìí ń sú ni, wákàtí kan lè kọjá lórí ìbú èékánná, ṣùgbọ́n òun ló ń bo gbogbo àṣìṣe ilẹ̀, tó sì ń jẹ́ kí ewé yọ.

Ara ewé ló kàn. Nọ́ńbà 2, ẹ gbá a láti etí wá sí àárín, bí ìgbà tí a ń fi àtàǹpàkò fá ọbẹ̀ láwo. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan rẹlẹ̀ ju èkejì lọ. Ewé gidi kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ gbé iṣẹ́ sábẹ́ iná tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, ẹ máa yí i: òjìji ló máa sọ fún yín ibi tó kù, kì í ṣe ìlà.

Fún dídán, ẹ gbé tọ́báìnì kalẹ̀. Rọ́bà ìdán kò gbọ́dọ̀ wọ ẹnu ẹ̀rọ tó ń yí 400,000, á fọ́ yángá. Ẹ gé sáńpépà 600, lẹ́yìn náà 1000, tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí igi ìtayín, kí ẹ máa fi ọwọ́ ra á. Iṣan ewé ni ẹ ó fín kẹ́yìn, torí bí ẹ bá fín in ṣáájú, sáńpépà á pa á rẹ́. Bó bá parí, ẹ fi ọ̀dà dúdú pa gbogbo rẹ̀, kí ó gbẹ díẹ̀, kí ẹ nu òkè kúrò. Dúdú á kù nínú ilẹ̀ àti nínú iṣan.

Bí ohùn bá yí padà

Ohùn òkè tó bá ti rẹlẹ̀ ju ti àná lọ kí bíìtì tó kan nǹkan, ẹ kọ́kọ́ wo géèjì, lẹ́yìn náà asẹ́, bóyá ó ti dí. Bí ìwọ̀n bá pé, béárìn ni. Bó bá ń dún bí ẹni ń jẹ yanrìn, béárìn ni, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ dá a dúró kó tó ba ilé rẹ̀ jẹ́.

Bí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n tàbí ìlà ń fẹ̀ ju bíìtì lọ, bíìtì ti tẹ̀, tàbí kò wọlé dé ìdí. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Bíìtì tó ń han bí ó bá ti kan irin ti kú eyín. Ẹ wò ó lábẹ́ awò, ẹ ó rí i pé etí eyín ń tàn yanran níbi tó ti yípo. Bíìtì tó ń yọ́ jáde lẹ́nu iṣẹ́, ẹ nu ìdí rẹ̀ gbẹ. Bó bá tún yọ, ohun tó ń dì í mú ti jẹ, ẹ má tún fi ṣiṣẹ́ mọ́ títí ẹ ó fi tún un ṣe. Bíìtì tó bá fò jáde ní eré yẹn kì í mọ ẹni tó ń lọ bá.

Lálẹ́, ẹ yọ bíìtì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ẹnu ẹ̀rọ, ẹ kán ọ́ìlì sí i bó bá jẹ́ èyí tó ń fẹ́ ẹ, ẹ fi bíìtì àtijọ́ kan sí i kí ẹ yí i lórí àkísà. Bí àkísà bá mọ́, ó ti tó. Bó bá dúdú, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ pa kọ̀mpúrẹ́sọ̀, kí ẹ ṣí ìdí táǹkì, kí ẹ sì dúró ti omi tó ń jáde títí yóò fi di afẹ́fẹ́ lásán.